Idẹ Tó Pẹ́ Kó Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Merlene Ottey ní Sydney

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, obìnrin mẹ́jọ tò sójú ìlà ní pápá ìṣeré Sydney, ní Ọsirélíà, láti sá àṣekágbá eré 100 mítà ti Òlíḿpíìkì. Márùn-ún nínú wọn wá láti erékùṣù Kàríbéànù: mẹ́ta láti Bahamas, méjì láti Jàmáíkà. Ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ ti pé ẹni ogójì ọdún. Merlene Ottey lorúkọ rẹ̀.

Bí ìbọn ṣe dún, Marion Jones ti Amẹ́ríkà já wọn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 10.75 ló fi sá a, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjà gidi wà. Ekaterini Thanou ti Gíríìsì ṣe ipò kejì pẹ̀lú 11.12. Tayna Lawrence, ọmọ Jàmáíkà, ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 11.18. Ottey dé pẹ̀lú 11.19, Zhanna Pintusevich ti Ukraine pẹ̀lú 11.20, Chandra Sturrup 11.21, Sevatheda Fynes 11.22. Ẹ ka àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ipò kẹta dé ìkeje, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ni: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ló wà láàrin ẹnì kan àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Kéèyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ti kọjá.

Ipò kẹrin ni ti Ottey. Kò gba nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Àfi ní oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni Àjọ Òlíḿpíìkì Àgbáyé tó kéde pé àmì-ẹ̀yẹ idẹ eré yẹn ti di tirẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta nígbà náà. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń ka iye àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, wọ́n á ní mẹ́sàn-án ni, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìkẹsàn-án yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró tì, torí ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó sá eré náà, ó sì ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, méjèèjì ló sì dùn mí.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó dúró sójú ìlà lálẹ́ yẹn. Wọ́n bí Ottey ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ní Hanover, ní ìwọ̀-oòrùn Jàmáíkà. Hanover yìí yẹ kó dún létí ọmọ Yorùbá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jó Ettu, ijó àwọn àtọmọdọ́mọ Nago, Nago sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa tó dé erékùṣù náà. Ní Westmoreland tó bá a pààlà, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Abeokuta. N kò sọ pé Ottey jẹ́ ọmọ wọn o. Ilẹ̀ tó ti hù jáde ni mo ń júwe.

Nígbà tí Don Quarrie gba wúrà 200 mítà fún Jàmáíkà ní Montreal lọ́dún 1976, orí rédíò ni Ottey ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Lọ́dún 1979 ó lọ sí yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó sì wà ní Moscow, níbi tó ti gba idẹ nínú eré 200 mítà. Kò sí obìnrin kankan láti àwọn erékùṣù Kàríbéànù tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì rí ṣáájú rẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́.

Idẹ méjì tún wá ní Los Angeles lọ́dún 1984. Ní Seoul lọ́dún 1988, ó ṣe ipò kẹrin nínú 200 mítà. Idẹ kan sí i ní Barcelona lọ́dún 1992. Inú eré 200 mítà ni ìyẹn. Nínú 100 mítà, ipò karùn-ún ló ṣe pẹ̀lú 10.88, bẹ́ẹ̀ 10.82 ni Gail Devers ti Amẹ́ríkà fi gba wúrà. Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ló pín wúrà àti ipò karùn-ún níyà! Ibi tí wọ́n ti ń pè é ní ayaba idẹ nìyẹn. Àwọn kan fi ń yìn ín, àwọn kan fi ń bú u. Mo rò pé àwọn tó fi ń bú u kò tíì ṣírò rí bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ṣe kéré tó.

Stuttgart, ní Jámánì, lọ́dún 1993, ló le jù. Ìdíje àgbáyé ni. Ottey ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sì tíì gba wúrà kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan nínú ìdíje àgbáyé ti ìta gbangba. Òun àti Devers jọ ré ìlà ìparí kọjá, aago sì ká ohun kan náà fún àwọn méjèèjì: 10.82. Wọ́n wá lọ wo fọ́tò. Kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìparí kì í ya pápá. Orí ìlà yẹn nìkan ló ń wò, ó sì ń yà á léraléra láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n á wá to àwọn àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ ara wọn. Òfin kò ka orí, kò ka ọwọ́, kò ka ẹsẹ̀. Àyà ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ìlà ló borí. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, wọ́n ní 10.811 ni ti Devers, 10.812 ni ti Ottey. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Jàmáíkà pe ẹjọ́ lórí rẹ̀, ẹjọ́ náà kò sì yí nǹkan kan padà.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló sá 200 mítà, ó lo 21.98, Gwen Torrence lo 22.00, wúrà sì dọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn. Àwọn ará Jámánì tó wà lórí ìjókòó dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Wọ́n kì í ṣe ará ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú 100 mítà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ní Atlanta lọ́dún 1996, bákan náà ló tún rí. Devers 10.94, Ottey 10.94, fọ́tò tún sọ pé Devers ni. Nínú 200 mítà, Marie-José Pérec ti Faransé gba wúrà, Ottey gba fàdákà, Mary Onyali tiwa láti Nàìjíríà sì gba idẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì jọ dúró lórí pèpéle kan náà. Ẹni tó bá ń yọ̀ mọ́ Onyali lọ́jọ́ yẹn rí Ottey lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń lọ sí Sydney nìyẹn. Tí a bá ka idẹ tó gbà ní Atlanta nínú rílè 4x100, eré tí ẹni mẹ́rin ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, mọ́ ọn, ó ti ní àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì méje, kò sí wúrà níbẹ̀.

Ọ̀nà Sydney fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mọ́ ọn lójú. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ó sáré ní Lucerne, ní Switzerland, wọ́n sì gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní àwọn rí àmì nandrolone níbẹ̀, oògùn tó ń kún agbára ara tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀. Ìròyìn náà jáde nígbà tí ìdíje àgbáyé ti Seville kù dẹ̀dẹ̀. Ottey fa ara rẹ̀ sẹ́yìn nínú ìdíje náà, ó sì ní òun kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, pé òótọ́ inú lòun fi ṣe eré òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ nandrolone gbòde kan. Linford Christie, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà tó sáré fún Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sínú ẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Jàmáíkà dá a láre. Àjọ eré sísá àgbáyé kò gbà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ síwájú àwọn onílàjà. Odidi oṣù mélòó kan ni èyí fi falẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bá dá dúró fọ́dún kan ṣì ní ọdún mẹ́wàá níwájú. Ottey kò ní. Ó ń gbára dì lójoojúmọ́ láìmọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kó sáré mọ́ láyé. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2000, àwọn onílàjà dá a láre, wọ́n sì ká ìjìyà náà kúrò lórí rẹ̀. Òlíḿpíìkì ku oṣù méjì péré.

Ìdíje tí Jàmáíkà fi ń yan àwọn tó máa lọ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ni orílẹ̀-èdè kan lè mú wọ eré 100 mítà ní Òlíḿpíìkì, ipò kẹrin sì ni Ottey ṣe. Ipò kẹrin tún ni o! Lójú ìwé, kò sí àyè fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo sọ pé àwọn kan máa ń fò. Ottey bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sáré, àwọn aláṣẹ Jàmáíkà sì fi í rọ́pò Peta-Gaye Dowdie. Dowdie yìí ni àṣáájú eré 100 mítà Jàmáíkà lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n dé Sydney, inú bí àwọn eléré Jàmáíkà mìíràn. Wọ́n fẹ̀hónú hàn nínú abúlé àwọn eléré ìdárayá, wọ́n ní kí Ottey kúrò, kí Dowdie padà sí àyè rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí i. Àjọ Òlíḿpíìkì Àgbáyé gan-an dá sí i, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn olórí ikọ̀ Jàmáíkà pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọn níjàánu. Obìnrin tó ti ń sáré fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ogún ọdún wá ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà lójú fèrèsé, tí wọ́n ń ní kó máa lọ.

Mo fẹ́ràn Ottey, ẹni tó bá ti ka ibi tí mo dé yìí á ti mọ̀. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò ní ẹjọ́. Bí ẹ bá ní kí àwọn èèyàn wá sá eré kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn gba àyè, tí ẹnì kan sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á, ẹ kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí orúkọ ẹlòmíràn. Dowdie náà ní ìyá tó bí i. Òun náà ti jí ní ìdájí, ó ti sáré nínú oòrùn, ó sì ti ro ó pé lọ́jọ́ kan òun á dúró sójú ìlà 100 mítà ní Òlíḿpíìkì. Ẹ̀bi àwọn aláṣẹ ni mo rí níbẹ̀, tí wọ́n fi obìnrin méjì kọlu ara wọn lójú gbogbo ayé, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n lè ti la òfin sílẹ̀ kedere kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní Kingston.

Inú irú ariwo yìí ni Ottey ti jáde lọ sáré lọ́jọ́ 23. Ó la àwọn ìpele ìṣáájú kọjá dé àṣekágbá, ó sì ṣe 11.19 níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, nínú pápá kan náà, ọmọ Barbados kan gba idẹ nínú eré 100 mítà àwọn ọkùnrin. Obadele Thompson ni. Ọbadélé! Orúkọ wa wà lórí pèpéle Sydney lálẹ́ yẹn, kì í sì í ṣe ará Nàìjíríà ló ń jẹ́ ẹ.

Kò padà sílé lọ́wọ́ òfo pátápátá. Lọ́jọ́ 30 oṣù náà, Jàmáíkà gba fàdákà nínú rílè 4x100, lẹ́yìn Bahamas. Ottey wà níbẹ̀ pẹ̀lú Tayna Lawrence, Beverly McDonald àti ọmọdébìnrin ọdún méjìdínlógún kan tó ń jẹ́ Veronica Campbell. Nígbà tí Ottey gba idẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Moscow, wọn kò tíì bí Campbell. Campbell yìí ló wá gba wúrà 200 mítà ní Athens lọ́dún 2004, tó sì tún gbà á ní Beijing.

Ọdún méje kọjá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Marion Jones dúró níwájú kóòtù ní Amẹ́ríkà, ó sunkún, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti lo oògùn kí òun tó lọ sí Sydney. Irọ́ tó pa fún àwọn olùwádìí ìjọba ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Wọ́n fagi lé gbogbo èsì eré rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ márààrún tó kó ní Sydney, wúrà mẹ́ta àti idẹ méjì.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ní ọ̀rọ̀ ti tán: kí ẹni kejì di ẹni kìíní, kí kẹta di kejì, kí kẹrin di kẹta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Thanou tó ṣe ipò kejì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 2004, nígbà tí Òlíḿpíìkì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Athens, ìlú rẹ̀, àwọn aṣàyẹ̀wò oògùn wá a, wọn kò rí i. Òun àti Kostas Kenteris ní àwọn ní ìjàǹbá alùpùpù. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo káàkiri ayé, wọn kò sì sá eré náà. Àjọ Òlíḿpíìkì kò wá fẹ́ fi wúrà Jones sí ọrùn Thanou. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, fún ọdún méjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni wọ́n tó gé e: kò sẹ́ni tó máa gba wúrà; kí Thanou di fàdákà rẹ̀ mú; kí Lawrence náà gba fàdákà; kí Ottey gba idẹ.

Bó ṣe di mẹ́sàn-án nìyẹn. Fàdákà mẹ́ta, idẹ mẹ́fà.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ bí irú àmì-ẹ̀yẹ yìí ṣe máa ń rí lẹ́nu. Ní Sydney kan náà, àwọn ọkùnrin wa ṣe ipò kejì nínú rílè 4x400, lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Nígbà tí Antonio Pettigrew jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn, wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, lọ́dún 2012 sì ni wúrà náà di ti Nàìjíríà. Sunday Bada tó sáré níbẹ̀ ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Oṣù mélòó kan péré ló ṣáájú ìròyìn náà. Bí mo bá ń rántí Bada, mo máa ń dúpẹ́ pé ti Ottey bá a láyé.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fún un gan-an? Idẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò lè dá alẹ́ Sydney padà fún un. Tó bá jẹ́ pé Jones kò sí lójú ìlà lálẹ́ yẹn, ẹni ogójì ọdún kan ì bá gun pèpéle níwájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn ọ̀dọ́ tó ní kó kúrò ì bá rí i, àwọn ará Hanover ì bá sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí oògùn Jones jí gbé nìyẹn, kò sì sí ìpàdé ìgbìmọ̀ tó lè wá a rí. Ní ti Dowdie, idẹ yẹn fi hàn pé àwọn aláṣẹ kò ṣì ẹsẹ̀ Ottey wò. Kò fi hàn pé wọ́n ṣe é dáadáa fún Dowdie. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ní idẹ ti parí ẹjọ́. N kò gbà. Ẹni tó bá gba àyè ẹlòmíràn tó sì ṣe dáadáa níbẹ̀ ti ṣe dáadáa, àyè náà ṣì jẹ́ àyè ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ottey kò dúró de ìpàdé kankan. Ó ti ń gbé ní Ljubljana, ní Slovenia, níbi tó ti ń gbára dì lábẹ́ kóòṣì Srdjan Djordjevic, lọ́dún 2002 ó sì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Fún Slovenia ló ti sáré ní Athens lọ́dún 2004, Òlíḿpíìkì rẹ̀ keje, ó sì wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá 100 mítà ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2010, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní idẹ Sydney, ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù wáyé ní Barcelona, nínú pápá Montjuïc kan náà tó ti ṣe ipò karùn-ún lọ́dún 1992 pẹ̀lú 10.88. Ottey dúró sórí pápá náà nínú aṣọ Slovenia, ó na ọwọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pá rílè. Ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn tí wọ́n jọ sáré kéré tó ọmọ rẹ̀. Ikọ̀ wọn kò wọ àṣekágbá, ó kó bàtà rẹ̀, ó padà sí Ljubljana lọ gbára dì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Helsinki, ó tún sáré.